Alẹ́ méjì ní Gorée: ẹ̀kọ́ tí ilé ìtura kékeré kan kọ́ wa nípa ilé Àgùdà

Láti èbúté Dakar, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ọkọ̀ ojú omi kì í lò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó dé erékùṣù Gorée. Ṣùgbọ́n bí a ti sọ̀ kalẹ̀ la rí i pé ìlú ariwo ti wà lẹ́yìn wa. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí zémidjan. Ẹsẹ̀ ni tọmọdé tàgbà fi ń rìn.

Erékùṣù náà kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 28 lọ. Ènìyàn lè rìn ín yípo kí ọbẹ̀ tó jinná. Lọ́dún 1978 ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Yàrá mẹ́fà péré ló wà ní ilé ìtura tí a dé sí. Ilé àtijọ́ ni, alájà kan, ògiri rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onígi, òdòdó sì fà mọ́ ògiri àgbàlá rẹ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ibùsùn mímọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn, àga onígi méjì àti fèrèsé tó kọjú sí òkun ni gbogbo ẹrù yàrá wa. Lálẹ́, wọ́n gbé ìrẹsì ẹlẹ́ja tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ceebu jën wá, ẹ̀gẹ́ àti kábéèjì wà nínú rẹ̀. A jẹ ẹ́ tán pátá.

Síbẹ̀, oorun kò tètè kùn wá lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Kò jìnnà síbi tí a sùn ni Ilé Ẹrú wà, èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1776. Òkè ni àwọn olówó ẹrú ń gbé. Ìsàlẹ̀ ni yàrá tóóró tí kò ní afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí iye ẹrú tó gba Gorée kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn tó gba etíkun Ouidah tiwa kọjá pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. A wá ń bi ara wa: ṣé ó yẹ ká máa sanwó oorun dídùn nírú ibi báyìí?

Ìyá tó ń se oúnjẹ la bi ní àárọ̀. Ó ní bí àlejò kò bá sùn níbẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan ni wọn yóò san. Òun àti àwọn apẹja tí òun ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn kò ní rí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí Àjàṣẹ́. Àwọn ènìyàn wa tó padà láti Brazil, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia lọ́dún 1835, kọ́ ilé Àgùdà alájà sílẹ̀ fún wa, pẹ̀lú ọnà lára ògiri. Lónìí, òjò ń wó púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn wà tí ẹbí kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó ni ín, kò sì sẹ́ni tó máa tún òrùlé ṣe.

Kì í ṣe ọgbọ̀n yàrá ni ẹbí bẹ́ẹ̀ nílò. Yàrá mẹ́rin tó mọ́, omi tó ń ṣàn, ọbẹ̀ tó dùn àti ìwé àdéhùn tí gbogbo ọmọ ilé fọwọ́ sí lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìtàn ti wà lára ògiri.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó: sẹ́fà kan náà la jọ ń ná, ọmọ ECOWAS kò sì nílò físà. Kí ẹ má padà lọ́jọ́ kan náà o. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kó èrò ọ̀sán lọ tán, tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù létí omi, ìgbà náà lẹ máa rí Gorée. Bí ẹ bá sì dé, ẹ wo ilé bàbá yín wò dáadáa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.