Ìgbọ̀n Ju Ẹyọ Kan Lọ: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àìsàn Ẹsẹ̀ àti Ìjánu Ọkọ̀ Peugeot 504

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń mú tọ mẹkáníìkì lọ: "Ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó. Bí aláìsàn bá sọ fún oníṣègùn pé ara ń ro òun, oníṣègùn kì í tìtorí ìyẹn sáré já ewé. Yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ń ro ó àti ìgbà tí ó ń ro ó. Àìsí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣiríṣi ìgbọ̀n ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, tí èyí tí ó bàjẹ́ gan-an sì ń bá wọn rìn lọ sí ojú ọ̀nà.

Ọkọ̀ Peugeot 504 yẹ fún àpẹẹrẹ. Ọdún 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, 504 sì gba ìgboro àti ibùdókọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kan. Àwọn tí ó kù lónìí ti di àgbà ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹsẹ̀ iwájú sì ní dísìkì, èyí tí páàdì méjì ń há mọ́ àárín nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréékì. Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ náà "ìjánu" láti ẹnu ẹṣin wá sínú ọkọ̀ láìsí ìnira; nítorí náà, "àwo ìjánu" yẹ dísìkì bẹ́ẹ̀.

Oríṣi àkọ́kọ́ ni ìgbọ̀n ìwúwo. Eré ni ó ń bá wá, kì í dúró de ìjánu. Ó sábà máa ń fi ara hàn bí eré bá ti tó nǹkan bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ohun tí ó ń fà á ni àìdọ́gba ìwúwo: apá kan ẹsẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Táyà 175 R14 ti 504 wọn nǹkan bí mítà 2 yíká. Bí eré bá tó 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ náà ń yí nǹkan bí ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹyọ òjé gíráàmù 30 bá já bọ́ ní etí ríìmù, agbára tí yóò máa fa ẹsẹ̀ náà kiri yóò tó ìwúwo ẹrù kìlógíráàmù 4. Ní 50 kìlómítà, kò ju kìlógíráàmù 1 lọ, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yìí a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ìlú, tí ó sì ń gbọ̀n ní òpópónà.

Àwọn kan a máa gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún aláánmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n pò pọ̀. Ìtọ́sọ́nà ẹsẹ̀ ni aláánmẹ́ǹtì. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ a máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà a sì máa jẹ létí. Ìmúdọ́gba ẹsẹ̀ ni bálánsì. Òun ni ó ń wo ìgbọ̀n ìwúwo sàn. Ṣùgbọ́n kí a tó gba òjé, kí a wo táyà fúnra rẹ̀, pàápàá tòkunbọ̀ àti èyí tí ó ti dúró pẹ́ lójú kan. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT lára táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Táyà tí ó ti wú níbì kan kò ní òògùn ju kí a sọ ọ́ nù.

Oríṣi kejì ni ìgbọ̀n ìjánu, tí kì í wá àfi bí a bá tẹ ìjánu. Bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bá ń gbọ̀n, iwájú ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ àga ni ó ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ni. "Dísìkì ti tẹ̀" ni wọ́n máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣini lọ́nà, nítorí ó ń mú kí ènìyàn rò pé ooru ti ká àwo náà bíi páànù. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwo kò tẹ̀. Ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí tí ó wà ní ojú irin tí àwo jókòó lé ni kò jẹ́ kí ó yí gún régé. Èyí ni ó yẹ kí a pè ní ìyíwọ́: yíyí ni ó wọ́, kì í ṣe àwo. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń yí, ojú kan náà ni yóò máa ha páàdì. Ibẹ̀ a fẹ́lẹ́, tàbí kí ara páàdì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìyíwọ́ a bí àìdọ́gba ìnípọn. Ìyàtọ̀ tí kò ju ìdá 2 nínú ìdá 100 mìlímítà kan lọ lè tó fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ láti mọ̀.

Ẹni tí ó gbà pé àwo tẹ̀ yóò ra tuntun, yóò sì gbé e lé orí ìpẹtà àtijọ́. Láìpẹ́, ìgbọ̀n a padà. Ẹni tí ó mọ ìyíwọ́ yóò ha ìpẹtà náà kúrò, yóò sì wọn yíyí àwo kí ó tó dè é. Orúkọ ni ó pinnu ìtọ́jú.

Oríṣi kẹta ni ìgbọ̀n oríkèé, òun ni ó sì léwu jù. Kí a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, kí a fi irin tí ó lágbára gbé ọkọ̀ ró, kí a wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a mì ín. Bí ó bá ń yẹ̀, béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì ni ó ti ń yẹ̀, oríkèé ọ̀pá ìtọ́kọ̀ ni kí a wò. Oríkèé tí ó dẹ̀ a máa sọ ìgbọ̀n kékeré di ńlá; nítorí náà, òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí ó bá yọ lórí eré kì í fún awakọ̀ láàyè láti ronú.

Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára kì í ṣe èyí tí ó kàn rọ́pò ọ̀rọ̀ òyìnbó, bí kò ṣe èyí tí ó tọ́ka sí ohun tí ó fa àìsàn. Awakọ̀ tí ó bá lè sọ pé, "Ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ni ó ń gbọ̀n, ìgbà tí mo bá tẹ ìjánu nìkan sì ni," ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mẹkáníìkì kí wọ́n tó gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀.