"Tell" Tó Jẹ Máàkì Mi

Nígbà tí mo wà ní SS1, wọ́n bi wá nínú tẹ́ẹ̀sì kẹ́mísírì pé: "How can you tell an acid from a base?" Mo mọ̀ ọ́n o! Ásíìdì máa ń sọ bébà litmus aláwọ̀ búlúù di pupa, béèsì á sì sọ pupa di búlúù. Ṣùgbọ́n "sọ fún" nìkan ni "tell" tí mo mọ̀. Mo wá kọ ọ́ pé èèyàn á lọ sọ fún tíṣà. Òdo ni mo gbà.

"Dá mọ̀ yàtọ̀" ni "tell" ibẹ̀ yẹn.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé "sọ fún" kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "tellan" ni wọ́n ń pè é, kíkà ló sì ń tọ́ka sí, bí ìgbà tí èèyàn ń ka àgùntàn. Ìbátan rẹ̀ ṣì wà ní Jámánì: "zählen" ni kí èèyàn ka nǹkan, "erzählen" ni kó sọ ìtàn. Ẹ tún wo báǹkì. Kí ló dé tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ka owó ní "teller"? (Àwa ní Nàìjíríà tiẹ̀ tún fún bébà tí a fi ń san owó ní orúkọ yẹn.)

Báwo ni kíkà ṣe di sísọ? Ẹni tó ń sọ ìtàn ń to ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó. Títí dòní, "contar" àwọn ará Brazil àti Kúbà ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tiwa gba ọ̀nà mìíràn: a ń ka owó, a sì ń ka ìwé.

Tẹ́ ẹ bá rí "tell me", ẹni tó ń gbọ́ wà níbẹ̀, "sọ fún" nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ "can tell" tàbí "could not tell", tí kò sí olùgbọ́, tí "from" tàbí "whether" tún wà níwájú, mímọ̀ ni, kì í ṣe ẹnu.

Ibi tó ti léwu jù ni ìròyìn ìlera. Bí àwọn onímọ̀ bá kọ ọ́ pé "We could not tell whether the drug worked", wọn ò sọ pé wọ́n ní kí àwọn má sọ̀rọ̀, wọn ò sì sọ pé oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí tí wọ́n rí ni kò tíì tó láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́.