Àgbà Tó Tún Wọ Aṣọ Ọmọdé

Ẹni tó bá ti ra edé lọ́jà rí mọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò: a ó bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, a ó fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, a ó wo èyí tó tóbi àti èyí tó rí wínníwínní. Lọ́kàn wa, ńlá ni àgbà, kékeré ni ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń wo ọmọ tiwa. Bí ṣòkòtò tí a rán fún un ní Iléyá èṣí bá ti gòkè ọrùn ẹsẹ̀, a mọ̀ pé ó ń dàgbà. A kì í retí pé ṣòkòtò náà yóò tún padà gùn jù ú lọ.

Edé ní ìbátan kan nínú òkun tó yí Àntákítíkà ká, tí wọ́n ń pè ní krill. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, síbẹ̀ òun ni àbùùbùtán ń jẹ yó.

Ìgbà ooru ibẹ̀ ni abo ń yé ẹyin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin náà á rì lọ sísàlẹ̀ ibú, á pa níbẹ̀, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá síbi ìmọ́lẹ̀ kí oúnjẹ tó bá a wá nínú ẹyin tó tán. Ní ìgbà òtútù, abẹ́ yìnyín ló ti ń ha ewé omi jẹ. Ó ń tó nǹkan bí ọdún 2 kí abo tó bàlágà, akọ a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèpo ara rẹ̀ kì í nà, nítorí náà ó ń bọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á gbé òmíràn wọ̀. Bí oúnjẹ bá wà, tuntun á tóbi ju ti àná. Bí ebi bá dé, tuntun á kéré. Àwọn onímọ̀ ti febi pa á fún ohun tó lé ní ọjọ́ 200: kò kú, ṣe ló ń súnkì. Kò tán síbẹ̀ o. Ibi pupa tó wà láyà abo, níbi tí akọ ti ń lẹ àpò àtọ̀ mọ́ ọn, á parẹ́ nígbà òtútù, á wá dà bí ẹni tí kò bàlágà rí. Nígbà ooru, á tún hù.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà krill ti bá omi lọ, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ẹni tó bá fi rúlà nìkan wọ̀n ọ́n lè pe àgbà ní ọmọ. Ojú rẹ̀ ni kó wò: bí ara ti ń súnkì tó, ojú kì í súnkì.