Láti Oko Òwú Notsé dé Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Akloa: Bí Òkè Atakpamé Ṣe Di Ilé Ẹ̀kọ́

Ní nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Lomé, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè. Ibẹ̀ ni Atakpamé wà, olú-ìlú ẹkùn Plateaux ní orílẹ̀-èdè Togo, ìlú tí ilé rẹ̀ gun orí òkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí àárín wọn. Àwọn Ifẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ana, wà lára àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ Oòduà ni wọ́n, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n so orírun wọn mọ́.

Lónìí, ẹni tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Togo lè lo ọjọ́ díẹ̀ lágbègbè yìí, kó gun òkè, kó wọ igbó, kó rí oko kòkó, àwókù ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì àti adágún tí erinmi ń gbé. Ṣùgbọ́n irú ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àlejò ti ń gba ọ̀nà yìí wá nítorí ẹ̀kọ́, àwọn tó sì kọ́kọ́ wá kì í ṣe ẹni tó wá gbafẹ́.

Àwọn ọmọ Tuskegee

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, ọkùnrin mẹ́rin gúnlẹ̀ sí Lomé láti Tuskegee Institute, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí Booker T. Washington jẹ́ olórí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. James Calloway ló ṣáájú wọn. Allen Burks, Shepherd Harris àti John Robinson ló tẹ̀ lé e. Jámánì ló ń ṣàkóso Togo nígbà náà. Ìgbìmọ̀ ọrọ̀-ajé kan ní Berlin ló ránṣẹ́ sí Tuskegee pé kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń gbin òwú ní Amẹ́ríkà han àwọn àgbẹ̀ Togo, kí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Jámánì lè rí òwú rà.

Ilẹ̀ náà kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Màlúù àti ẹṣin tí wọ́n fẹ́ fi tú ilẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, kú tán lọ́wọ́ àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ó wá di pé ènìyàn ló ń fa kẹ̀kẹ́. Harris kú ní 1902. Lọ́dún yẹn kan náà, méjì nínú àwọn tó tún ti Tuskegee wá kún wọn ni ìgbì òkun gbé lọ ní Lomé kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ìgboyà tí wọ́n fi padà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà yẹ fún ìyìn.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ìyìn bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ Togo ti mọ òwú gbìn kí àlejò tó dé. Àárín iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn ín sí, kí ebi má bàa wọlé bí òwú bá kùnà. Àwọn obìnrin ń ran án, a sì ń fi hun aṣọ. Ní 1904, Robinson dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Atakpamé. Ìjọba Jámánì ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá síbẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹkùn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sílé lọ gbin òwú bí ìjọba ṣe fẹ́, kì í ṣe bí baba wọn ṣe ń gbìn ín. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n bi bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Robinson fúnra rẹ̀ kú sí Togo: odò Mono ló gbé e lọ ní 1909.

Àlejò tó wá láti kọ́ni, tí kò kọ́kọ́ bi onílẹ̀ léèrè ohun tó mọ̀, ni ìtàn Notsé fi hàn wá. Títí di òní, òun ni ewu tó wà nínú gbogbo ìrìn-àjò ẹ̀kọ́.

Ojú irin àti òpó Kamina

Ní 1911, rélùwéè tó ti Lomé wá dé Agbonou, lẹ́bàá Atakpamé. Nítorí ọjà, pàápàá òwú, ni wọ́n ṣe là á, ṣùgbọ́n ibi tí ẹrù bá lè gbà, ènìyàn náà á gbà á. Ìrìn-àjò tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ti ọjọ́ kan.

Ojú irin yìí náà ló gbé irin, símẹ́ńtì àti ẹ̀rọ lọ sí Kamina, tí kò jìnnà sí ìlú. Ilé iṣẹ́ Telefunken ń kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan síbẹ̀. Baron Anton Codelli, ẹnjiníà láti Ljubljana tó jẹ́ olú-ìlú Slovenia lónìí, ló bójú tó iṣẹ́ náà. Agbára àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Togo ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ní 1914, Kamina ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀ láti ibi tó lé ní 5,000 kìlómítà.

Ayé ibùdó náà kò gùn. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù keje ọdún náà, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọ Togo. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba Kamina jẹ́, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26. Àwókù ẹ̀rọ àti ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúró láàárín wọn yóò rí bí ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yúróòpù ṣe yára dé ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀ Áfíríkà.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ di ohun tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀

Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960. Láti 1962 ni àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps ti ń wá láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé láàárín ará abúlé, tí wọ́n ń kọ́ èdè wọn. Lápá ibòmíràn nínú àgbáyé náà, èrò ń yí padà. Ní 1963, àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Costa Rica da ọwọ́ pọ̀ dá Organization for Tropical Studies sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tó fẹ́ mọ igbó ilẹ̀ olóoru gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, èdè ló ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Lomé ní 1970. Village du Bénin, ibùdó ẹ̀kọ́ èdè tó wà níbẹ̀, gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti Gánà àti Nàìjíríà, tí wọ́n wá gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè náà. Ní 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS ní Èkó. Ní 1979, àdéhùn ìrìnnà ọ̀fẹ́ tẹ̀ lé e: ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ọmọ Ìbàdàn lè gba Sèmè kọjá, kó gba Cotonou, kó wọ Togo ní Hilla-Condji, kó sì dé Atakpamé.

Nígbà tó yá, owó di ìṣòro. Ní 1991, ìjọba Nàìjíríà dá Nigeria French Language Village sílẹ̀ ní Àjárá, Badagry, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ Faransé nílé dípò ìnáwó òkèèrè. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni. Síbẹ̀, òkè Atakpamé kò lè ṣí wá sí Badagry.

Ohun tí òkè náà ní láti kọ́ wa

Igbó ńlá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kò so pọ̀ láti Gánà dé Nàìjíríà. Ọ̀dàn gé e sí méjì ní Togo àti Benin. Ìwádìí fi hàn pé ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ojú ọjọ́ gbẹ, tí igbó fi já níbẹ̀. Orí àwọn òkè Togo, níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ni apá kan igbó náà sá sí. Ẹni tó bá ti Lomé gòkè wá yóò fi ojú rí ìyípadà yìí bí ọ̀dàn ṣe ń di igbó.

Lápá ìwọ̀ oòrùn Atakpamé, lọ́nà Badou, ni ilẹ̀ kòkó àti kọfí wà. Abúlé Tomégbé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín oko kòkó lọ sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Akloa, tí omi rẹ̀ ń já láti òkè tó ga tó 35 mítà. Àsìkò òjò àti kété lẹ́yìn rẹ̀ ni omi náà ń kún jù, ìgbà yẹn náà sì ni ilẹ̀ ń yọ̀. Bàtà tó di ilẹ̀ mú àti atọ́nà láti abúlé ṣe pàtàkì.

Ní gúúsù ìlà oòrùn ni ìdídò Nangbéto wà lórí odò Mono. Láti 1987 ló ti ń pèsè iná fún Togo àti Benin, agbára rẹ̀ sì tó 65 mẹ́gáwáàtì. Erinmi ń gbé nínú adágún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi abúlé wọn sílẹ̀ kí omi tó lè gbà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má wo erinmi nìkan. Kó bi àwọn tó ṣí kúrò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rí ilẹ̀ tuntun.

Nínú ìlú fúnra rẹ̀, àwọn oníjó Tchébé máa ń jó lórí igi gíga tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀. Ní ọjà, ọmọ Yorùbá tó bá tẹ́tí sílẹ̀ yóò máa mú ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn nínú èdè Ifẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa náà lọ

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ̀ka Yorùbá, ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa igbó àti Faransé ní àwọn yunifásítì wa lè pawọ́ pọ̀ ṣe ìrìn-àjò kan ṣoṣo lọ sí Atakpamé, kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ohun tí ọ̀kan kò bá rí, èkejì yóò fi hàn án.

Àmọ́ kí wọ́n kọ́ ọgbọ́n lára Notsé. Kí wọ́n lọ rí àwọn àgbà ìlú kí wọ́n tó gun òkè. Kí owó atọ́nà, ti oúnjẹ àti ti ibùsùn wọ ọwọ́ ará abúlé. Kí àgbẹ̀ kòkó ṣe olùkọ́ lóko rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí ìlú tó gbà á lálejò, ní èdè tí wọ́n lè kà. Àwọn tó wá láti Tuskegee gba àṣẹ láti Berlin. Àwọn tí yóò lọ báyìí, ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni kí wọ́n ti gba ìyọ̀ǹda.