Wọn Ò Ka Bọ̀ọ̀dá Ìsàlẹ̀: Ohun Tí Iye Àwọn Tó Ń Gba Owó Àìríṣẹ́ Kò Sọ ní Dagenham

Lóṣooṣù, bí rédíò bá ti kéde iye àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba nítorí pé wọn kò níṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni màmá mi máa ń bi rédíò ọ̀hún: "Ṣé ẹ ka Bọ̀ọ̀dá ìsàlẹ̀ mọ́ ọn?"

Aládùúgbò wa ní Dagenham ni Bọ̀ọ̀dá ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí bọ́ lọ́wọ́ wọn ṣáájú Kérésìmesì. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá iṣẹ́ mìíràn lórí fóònù. Síbẹ̀, wọn kò sí nínú iye yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?

Claimant Count ni wọ́n ń pè é. Àjọ ONS, tó ń ṣe ìṣirò fún UK, ló ń gbé e jáde lóṣooṣù. Àwọn tí wọ́n ń kà ni àwọn tó ń gba Jobseeker's Allowance, àti àwọn tó ń gba Universal Credit tí òfin sì ní kí wọ́n máa wá iṣẹ́.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó tètè ń fi hàn bí nǹkan bá ti yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, iye náà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 1.2. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo èèyàn mọ́lé, ó ti kọjá mílíọ̀nù 2.5 ní oṣù karùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè owó náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní ìparí oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 6.

Ta ló ṣẹ́kù síta?

Físà Bọ̀ọ̀dá ní "No Recourse to Public Funds" lára. Wọ́n lè ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń san owó orí, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gba Universal Credit. Nígbà tí Ford ṣe mọ́tò ìkẹyìn ní Dagenham lọ́dún 2002, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba Jobcentre lọ. Ní ti Bọ̀ọ̀dá, ọ̀nà Universal Credit kò sí fún wọn.

ONS tún máa ń bi àwọn ìdílé kan ní ìbéèrè. Ẹni tí kò níṣẹ́, tó wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, aláìríṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn Bọ̀ọ̀dá, wọn á kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdílé tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ní agbègbè kan kì í pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Claimant Count ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú lé tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí ní Barking and Dagenham, níbi tí èèyàn 218,900 wà nígbà ìkànìyàn 2021, tí àwọn tó ti òkèèrè wá sì pọ̀ láàárín wọn.

Nítorí náà, bí iye yẹn bá kéré, kò túmọ̀ sí pé gbogbo èèyàn ti ríṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ tí wọ́n bí síbí pẹ̀lú. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tó ti parí ilé ẹ̀kọ́, tí kò sì níṣẹ́, lè béèrè Universal Credit bó tilẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Wọn kì í ka owó oṣù òbí mọ́ tirẹ̀. Ojú ń ti ọ̀rẹ́ mi méjì láti lọ béèrè. Wọn ò ka àwọn náà.

Nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ iye yẹn, ẹ bi í ní ìbéèrè màmá mi.