Ẹbí Olú Tó Ń Ṣọ́ Gbòǹgbò Ẹ̀wà

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, kò sí ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré tó dàgbà sóko tí kò mọ ibi tí olú ń hù sí: ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán, àti ìdí ọ̀pẹ tó ti wó tó ń jẹrà. Èyí tí à ń já sínú agbọ̀n yẹn, orí rẹ̀ lásán ni. Ara rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, fọ́nrán funfun tín-ín-rín tó gba inú ilẹ̀ àti igi kọjá. Ẹbí rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó ń bo búrẹ́dì tó bá bu wà lára wọn. Èyí tó ń pa ẹ̀wà lóko náà wà lára wọn.

Ẹni tó bá gbin ẹ̀wà sí òjò àrọ̀kúrò á ti rí i: ẹ̀wà hù, ó yọ ewé, kò pẹ́ ìdí rẹ̀ dúdú, ó dojú bolẹ̀. Ẹ fà á tu, kí ẹ la igi rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní bí ìyẹ̀fun èédú, Macrophomina phaseolina nìyẹn. Àwọn hóró dúdú yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìkú, wọ́n kàn ń dúró de ẹ̀wà mìíràn ni.

Inú ilẹ̀ kan náà ni ọ̀tá wọn wà. Trichoderma lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń funfun lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wá ní àwọ̀ ewé. Láti 1932 ni onímọ̀ kan, Richard Weindling, ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ó máa ń lọ́ mọ́ fọ́nrán ẹbí rẹ̀ mìíràn, tí á sì jẹ ẹ́. Ó ń tu oje tó ń yọ́ èèpo ara ọ̀tá, ó sì ń tètè gba àyè àti oúnjẹ tó wà létí gbòǹgbò. Àwọn tó ń sin olú tà kò fẹ́ rí i sójú rárá, torí kì í dá olú jíjẹ sí. Fún àgbẹ̀ ẹ̀wà, ọ̀rẹ́ ni.

Wọ́n ti dán an wò lórí ẹ̀wà tiwa. Ní 2001, àwọn olùwádìí Adekunle, Cardwell, Florini àti Ikotun gbé ìwádìí jáde lórí fífi Trichoderma pa irúgbìn ẹ̀wà lára kí a tó gbìn ín, láti fi dènà Macrophomina. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọgbọ́n yìí nìyẹn: a kò ní da nǹkan sí gbogbo oko. Bí gbòǹgbò bá ṣe ń yọ, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Kò sì yẹ kó ya Nàìjíríà lẹ́nu: ní 2014 ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí Aflasafe, èyí tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, fi ẹbí olú ṣe, tí à ń fọ́n sí oko àgbàdo àti ẹ̀pà kí oró ẹbí olú mìíràn má bàa wọ̀ wọ́n.

Ohun ẹlẹ́mìí ni o. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi í pa irúgbìn tí ẹ ti fi oògùn apolú pa lára tẹ́lẹ̀, torí oògùn náà lè pa á.

Yunifásítì Bamidele Olumilua wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ibẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì: ẹ wá gbin ẹ̀wà sóko wa ní Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹ fi Trichoderma pa apá kan lára, ẹ fi apá kejì sílẹ̀, kí àgbẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ ní àrọ̀kúrò tó ń bọ̀.