Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìdẹ wo ló ń mú ọ̀bọ̀kún létí odò?

Ẹ̀yin ará wa ní Lalala, ní Libreville, kí lẹ fi ń dẹ ẹja? Ọ̀pọ̀ ti rí fídíò àwọn tó ń fi ìwọ̀ fa ẹja tí wọ́n ń pè ní sturgeon ní Amẹ́ríkà. Sturgeon kò sí lódò Gabon. Ọ̀bọ̀kún tí wọ́n ń pè ní machoiron lọ́jà ibẹ̀ ló wà, ìsàlẹ̀ omi lòun náà sì ti ń wá oúnjẹ bíi ti sturgeon.

1. Ẹ wo ẹnu ọ̀bọ̀kún dáadáa. Irùngbọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló ní (mẹ́rin ni ti sturgeon). Òun ló fi ń tọ́ nǹkan wò nínú omi tó dúdú. Nítorí náà, ìdẹ tó ń rùn ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má wo ti àwọ̀.

2. Edé tútù la fara mọ́ jù. Ekòló náà dáa. Ìfun adìẹ ń rùn gan-an, àmọ́ ó rọ̀, ìṣàn omi á tètè já a kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Ẹ fi òwú ìránṣọ wé e mọ́ ìwọ̀ pinpin.

3. Omi ń kún, ó sì ń fà lẹ́nu odò Komo. Ẹ jẹ́ kí òjé tẹ́ ẹ so mọ́ okùn ìwọ̀ wúwo tó láti mú ìdẹ dúró nísàlẹ̀.

4. Tí ọ̀bọ̀kún bá ti gbé ìdẹ, ẹ ṣọ́ra! Ẹ̀gún kan wà lẹ́yìn rẹ̀, méjì ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi aṣọ dì í mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da oògùn sódò láti fi pẹja láé.

Ìdẹ wo ni tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń pẹja.